Irun Kíkó Kò Sí Lórí Fóònù Mọ́

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kùtọnu ló kó mi sí i. Ó bá mi ṣe ojú ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn oníbàárà lè máa fúnra wọn yan ọjọ́ àti aago tí wọ́n fẹ́ wá dirí. Ó bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, irun wo, ọjọ́ wo ni ká ṣí sílẹ̀ fún wọn, èwo ni ká tì?" Mo ní, "Ṣí gbogbo ẹ̀!" Ẹnu mi yìí!

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Ràńdéfú, ìyẹn àyè táwọn èèyàn ń gbà sílẹ̀, ń wọlé láti Parakú títí dé òkè òkun. Mo gbàgbé pé àga kan ṣoṣo ni mo ní. Mo tún gbàgbé ìyá àgbà kan tó máa ń ti Boni wá.

Ìyá yìí kò ní fóònù. Láti ọjọ́ tí mo ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ló ti ń gun alùpùpù wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, láàárọ̀ Ọjọ́rú tó bá bẹ̀rẹ̀ oṣù, kí n fi òwú dúdú kó irun fún un. A ò kọ ọ́ síbì kankan rí.

Ọjọ́rú yẹn, ó dé láago mẹ́jọ, ó ti tú irun tán láti ilé. "Ọmọ mi, tètè dá mi lóhùn o. Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti Gàbọ́ọ̀nù lọ́la. Ọdún mẹ́jọ rèé! N kò fẹ́ kó bá mi ní jákujàku, kó máa rò pé ìyà ń jẹ mí."

Mo yẹ fóònù wò. Ẹnì kan ti gba aago mẹ́sàn-án lórí fóònù, irun kíkó lòun náà fẹ́. Orúkọ ọkọ ló fi sílẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, ẹ dúró dọ̀sán."

Ìyá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Fóònù ló gba àga mi?" Ó jókòó sórí àga náà gbàgà. "Kó wá gbé mi dìde."

Ojú tì mí, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo mú òwú. Oníràńdéfú yòówù kó dé, á gbọ́ tẹnu mi.

Mo ti kó ìdajì nígbà tí obìnrin kan wọlé, ó dé fìlà mọ́rí. "Ẹ káàárọ̀ o. Èmi ni mo gba aago mẹ́sàn-án." Kí n tó la ẹnu, ìyá ti ké "Yéè!", ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Obìnrin yẹn náà di fìlà rẹ̀ mú. "Màmá! Ẹ má wò mí o! Mo ní kí n kọ́kọ́ tún orí ṣe, kí n tó wá bá yín lọ́la!"

Ó kúnlẹ̀, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Èmi tí mo ti múra ìjà, omijé ń bọ́ lójú mi sórí òwú. Ìyá na ọwọ́ sí i lórí. Ó já fìlà yẹn kúrò. "Jókòó ńbẹ̀." Ọmọ jókòó sórí ẹní, ó bọ́ sáàárín orúnkún ìyá, ìyá ń ya irun rẹ̀, èmi ń kó tìyá lọ lẹ́yìn. Oníràńdéfú aago mọ́kànlá dé, ó na fóònù sí mi lójú. Mo ní, "Tàǹtí, ẹ̀yin náà ẹ to sẹ́yìn wa." Ó bú sẹ́rìn-ín.

Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù, mo pe àbúrò mi pé kó yọ irun kíkó kúrò níbẹ̀, àti gbogbo àárọ̀ Ọjọ́rú. Ìyókù lè wà. Ẹni tó bá fẹ́ irun kíkó, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Ọmọ ti padà sí Gàbọ́ọ̀nù. Ní Ọjọ́rú kan ló pè mí, ó ń ráhùn: "Tàǹtí, mo fẹ́ gba àyè fún màmá mi, fóònù ń kọ̀ fún mi."

Mo ní, "Ta ló ní kó o gbà á? Òun ló jókòó síwájú mi yìí."