Omi Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Ilé Aránṣọ

Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mò ń gbé, Ìgàndó ni mo máa ń sọ. Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dé Ìgàndó ṣì máa gba ọ̀nà kan ṣoṣo la inú igbó kọjá, àbàtà lọ́tùn-ún, àbàtà lósì, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa onílé ri pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà náà, a kọ “Ọ̀nà Ìgbádùn” sí i. Òjò àkọ́kọ́ wó pátákó, ọ̀nà náà sì ń tẹ̀lé e díẹ̀díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kọ́kọ́ kọ̀ wá sílẹ̀, ọ̀kadà náà sì kọ̀ wá.

Nípàdé onílé, gbogbo wa la máa ń sọ̀rọ̀ bíi gómìnà. Èmi tí mo lọ yunifásítì ni mò ń kọ lẹ́tà sí ìjọba. Gírámà inú rẹ̀ le ju ọ̀nà náà lọ. Bí ìpàdé bá sì ti tú, kálukú á lọ ra yẹ̀pẹ̀, á fi gbé iwájú ilé tirẹ̀ sókè, kí omi lè lọ bá ẹlòmíràn. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́dún yìí, èmi náà ra yẹ̀pẹ̀ típà méjì.

Òjò ọjọ́ mẹ́ta kó yẹ̀pẹ̀ mi lọ sínú ihò tí omi ń gbà lábẹ́ ọ̀nà nísàlẹ̀, ó dí i pinpin. Omi bá gé ọ̀nà wa sí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé aránṣọ kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ìyá mi. Ojú kan ti kú. Èkejì ń rí bàìbàì. Ó ti pẹ́ tí a ti ń retí ọjọ́ yìí, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá dé kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ẹ̀yìn pátápátá ni yóò padà lọ tò sí.

A dúró létí kòtò. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo wẹ̀yìn: ilé mi rèé, ó ga, ó gbẹ, kò wúlò.

“Ṣé a ti dé ni?” ni ìyá mi bèèrè.

“A ò tíì kúrò nílé, Màámi.”

Ilé aránṣọ nìkan ló kù. Ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀ wà lápá ọ̀dọ̀ wa, ti ẹ̀yìn wà lódì kejì kòtò. Mo kan ilẹ̀kùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a gba inú ilé yín kọjá. Wọ́n ń dúró de Màámi nílé ìwòsàn.”

Ó wò mí. “Akọ̀wé! Ṣé lẹ́tà yẹn ò tíì dọ́wọ́ gómìnà ni?”

Mo di ọwọ́ Màámi mú.

“Mú Màmá wọlé jàre. Màmá ò jẹ̀bi.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ bàtà.

“Má wulẹ̀ bọ́ ọ. Omi rẹ náà ni.”

Omi ọ̀hún dé ọrùn ẹsẹ̀ ní pálọ̀. Aránṣọ ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sórí búlọ́ọ̀kù, aṣọ oníbàárà sì wà lórí okùn lókè. Ó bẹ̀rẹ̀, ó pọn ìyá mi.

“Odò wo nìyí?” ni ìyá mi bèèrè lẹ́yìn rẹ̀.

Aránṣọ dúró, ó ń retí ohun tí n ó sọ.

“Tèmi ni, Màámi.”

“Ìwọ? Ìgbà wo lo wá di olódò?”

A dé ilé ìwòsàn kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tí a padà dé lọ́sàn-án, wọ́n ti fi báńdéèjì di ojú ìyá mi. Aránṣọ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí n tó kàn án.

“Ìgbà wo ni wọ́n máa tú u?”

“Lọ́la, nílé ìwòsàn.”

“Ibí náà sì ni Màmá máa gbà bọ̀.” Ó wo omi pálọ̀ rẹ̀, ó wá na ṣọ́bìrì sí mi. “Wọ́n á rí i o, Akọ̀wé.”