Omi Tí A Mu ní Aṣálẹ̀

Òórùn kòkó ṣì wà lára àwọn àpò tí a tẹ́ sí ẹ̀yìn lọ́rì nígbà tí a kúrò ní Ìdànrè láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọyẹ́ sì mú débi pé a kò rí orí òkè kankan. Ọdún díẹ̀ ló kù kí Nàìjíríà gba òmìnira. Kòkó ń lówó lórí nígbà náà, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ti ra ọkọ̀, wọ́n sì ti dá ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ti jọ tò lọ sí Benin, wọ́n ti lọ sí Èkó. Lọ́jọ́ kan ni hẹdimásítà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ wa, tó jẹ́ akọ̀wé wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ lòun ní, sọ pé ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń kọ́ ọmọ nípa aṣálẹ̀ láti inú ìwé, òun kò sì tíì fojú kan iyanrìn tó ju ti etí odò Òwènà lọ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága ẹgbẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí kòkó bá ti wọlé tán, àwọn á lọ wò ó.

Èmi ni dírẹ́bà alága. Ọmọ Àtòsìn, abúlé kan lẹ́bàá Ìdànrè, ni mí, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, mo sì gbà pé kò sí ibi tí mi ò lè wa ọkọ̀ gbà. Mo ti wa lọ́rì gba inú ẹrẹ̀ dé Òfosù nígbà òjò, níbi tí àwọn tó dàgbà jù mí lọ ti já ẹrù sílẹ̀ tí wọ́n sì padà, èyí ni mo sì máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí, ì báà bi mí léèrè, ì báà má bi mí. Mo ní ìbọ̀wọ́ aláwọ kan tí mo rà l'Ékòó. Mo máa ń wọ̀ ọ́ wakọ̀ nínú ooru, mo sì rò pé ó yẹ mí.

Ọkọ̀ mẹ́ta la tò tẹ̀lé ara wa: jíìpù alága tí mo ń wà, píkọ́ọ̀pù kan, àti lọ́rì tó ru àgọ́, epo, iṣu àti omi. Ó tún gbé odó, nítorí alága kò lè sùn láìjẹ iyán. A lo ọjọ́ mẹ́rin kí a tó dé Kánò. Ibẹ̀ la ti gba afinimọ̀nà, àgbàlagbà Hausa kan tó ti máa ń wá ra obì ní Àkúrẹ́ rí, tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ọ̀nà ọlọ́dà ti tán, ọ̀nà eléruku náà ti tán, ó wá ku iyanrìn lásán. A pàgọ́ sẹ́bàá kànga kan ní abúlé tó kẹ́yìn. A gún iyán, iyanrìn wọ inú rẹ̀, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, tí gbogbo wa ń jẹun bí ẹni tí eyín ń dùn.

Afinimọ̀nà sọ fún wa pé lọ́rì wúwo jù, kí ó dúró sí ìdí kànga. Ó ní kí àwa dírẹ́bà méjì yòókù yọ afẹ́fẹ́ táyà wa dé ìdajì kí ó lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn, kí ọkọ̀ kankan má sì ṣe kúrò lójú èkejì. Mo ní mi ò tíì rí awakọ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ afẹ́fẹ́ táyà tó dára. Ó wò mí. Nígbà tó yíjú, mo yọ ọ́ díẹ̀, mo sì dé e padà.

Láàárọ̀, alága bá afinimọ̀nà wọ píkọ́ọ̀pù níwájú, hẹdimásítà sì jókòó tì mí nínú jíìpù. Eruku tí wọ́n ń dà sẹ́yìn ni mo ń jẹ. Nígbà tó yá, bàbá hẹdimásítà nawọ́ sí òkìtì iyanrìn ńlá kan lápá ọ̀tún, ó ní ó wu òun kí òun dúró lórí irú rẹ̀ kí òun wo ayé. Kò sọ pé kí n lọ. Èmi ni mo yà kúrò lójú ọ̀nà. Jíìpù gun òkìtì náà dé òkè, ó bọ́ sí òdìkejì, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rì. Mo tẹ́ òfìfo àpò kòkó tí mo mú látinú lọ́rì sábẹ́ rẹ̀, mo tẹ iná mọ́ ọn, ó túbọ̀ ń rì. Rédíétọ̀ hó títí omi inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Afẹ́fẹ́ ti dìde nígbà náà, ó ti ń pa ojú ipa táyà wa rẹ́.

Mo sọ fún hẹdimásítà pé kí ó lọ sinmi ní ìbòòji ọkọ̀. Bó ti pa ojú rẹ̀ dé, mo gbé gálọ́ọ̀nù omi kan ṣoṣo tí a ní, mo sì dà á sínú rédíétọ̀. Mo rò pé a ó ti bọ́ kúrò níbẹ̀ kí òùngbẹ tó jí i. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, mo tẹ̀ ẹ́ gan-an, ohun kan sì kán lábẹ́ ọkọ̀ bí igi gbígbẹ. Láti ìgbà náà, jíìpù kò lè rìn mọ́.

Ìró yẹn ló jí bàbá. Ó béèrè omi.

Mo ní, "Ọ̀gá, mo dà á sínú rédíétọ̀."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kí ó bú mi. Nígbà tó máa lanu, ohùn tí wọ́n fi ń bi ọmọ iléèwé ní ìbéèrè ló fi bi mí pé, "Ṣé ibi tí o dà á sí, kò ní ibi tí a lè tú u gbà?"

Ibẹ̀ wà. Ẹnu kékeré kan wà nísàlẹ̀ rédíétọ̀, mo sì ń tú u lóṣooṣù nílé, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn. A dúró kí ó tutù, a tú u. Èyí tó kù kò tó ìdajì gálọ́ọ̀nù, ó pupa bí omi amọ̀, ó ń rùn bí irin. Bàbá fi aṣọ ìnujú funfun rẹ̀ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdérí fúláàsì bàbá, tí kò ní nǹkan nínú mọ́, la fi ń mu ún, ìdérí kan fún un, ìdérí kan fún mi, a sì jẹ́ kí ó pẹ́ kí a tó tún bù.

Ní ọ̀sán gangan, mo rí ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán tó jọ igi. Mo ní kí n rìn lọ wá ènìyàn.

Ó ní, "Bí o bá lọ, ibi méjì ni wọn yóò ti máa wá wa. Jókòó."

Mo jókòó. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ mi.

Nígbà tí oòrùn yí díẹ̀, ara bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ètè rẹ̀ là, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ iléèwé tó ti jáde tipẹ́, ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n tò dáadáa. Láti ìgbà náà, bí ó bá kàn mí láti mu, mo kàn ń gbé ìdérí fúláàsì sẹ́nu ni, mi ò mu ún. Mo ń dà á padà fún un. Mi ò pe ìyẹn ní oore. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ń ro bí n óò ṣe padà dé Ìdànrè láìsí i, àti ohun tí n óò dúró sọ lójú ìyàwó rẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ tí afinimọ̀nà fi rí wa. Wọ́n ti dé kànga kejì kí wọ́n tó mọ̀ pé a kò sí lẹ́yìn, ó sì ti fi ẹsẹ̀ wá wa láti ibi tí mo ti yà. Ó ní táyà líle mi ló gbẹ́ ilẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fi lè bò ó tán. Kò fi yìn mí. Alága dé lẹ́yìn rẹ̀, ó wo gálọ́ọ̀nù tó ṣófo, ó bi wá pé kí ló ṣe omi tó tán kíákíá bẹ́ẹ̀. Mo ti lanu. Hẹdimásítà, tí wọ́n gbé orí rẹ̀ sókè tí wọ́n ń fún lómi, ló dá a lóhùn.

Ó ní, "A mu ún."

Ẹ̀yìn lọ́rì ni mo jókòó sí dé ilé, dírẹ́bà mìíràn sì gba jíìpù nígbà tí wọ́n fà á dé Kánò tí wọ́n sì tún un ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí a dé, àwọn ènìyàn ń ki mí, wọ́n ní èmi ni mo bá aṣálẹ̀ jà. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Ó tó ọdún méjì tí mo fi ń jẹ ẹran àti ọtí lórí ìtàn yẹn. Bí èmi àti hẹdimásítà bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, yóò ní, "Dírẹ́bà, ṣé dáadáa ni?" èmi náà á ní dáadáa ni, sà. Kò dá ọ̀rọ̀ omi sílẹ̀ rí títí ó fi fẹ̀yìn tì, títí ó fi kú ní ọjọ́ ogbó.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo lọ bá ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Àkúrẹ́. Mo fẹ́ kí ẹnìkan nínú ilé náà mọ̀. Mo sọ bí mo ṣe dà á, mo sọ pé ó ń sùn nígbà tí mo ṣe é. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Bàbá sọ ìtàn yẹn fún wa dáadáa. Wọ́n ní dírẹ́bà kan ń ṣe bí ẹni tó ń mu omi, kò sì mu ún, àwọn ló ń fi sílẹ̀ fún. Wọ́n ní àwọn rí i, àwọn ò kàn jẹ́ kó mọ̀."

Mo bi í pé rédíétọ̀ ńkọ́.

Ó ní, "Wọn ò dárúkọ rédíétọ̀ fún wa rí."

Mo ti dàgbà ju bí bàbá náà ti dàgbà lọ́jọ́ náà lọ báyìí, ọmọ mi ló sì ń wà mí kiri. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó mọ̀ọ́mọ̀ yọ apá kan nínú ìtàn náà kúrò ni, àbí apá kejì nìkan ló kà sí ìtàn. Èmi ti sọ apá kan fún ará ìlú, mo sọ òmíràn fún ọmọ rẹ̀. Ibí yìí nìkan ni mo ti kọ méjèèjì pọ̀.