Ọjọ́ Tí Mo Gba Ṣọ́ọ̀kì Lọ́wọ́ Rẹ̀

Láyé ìjọba ológun, nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó, ọ̀nà mẹ́ta la máa ń ṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì kan sí nílé-ìwé wa l'Ẹ́dẹ, eruku rẹ̀ a sì wà léèékánná wa títí dilé. Owó oṣù kì í tètè jáde, àwọn tíṣà tuntun ò sì dúró. Láàárín sáà kan, ọ̀kan lọ ń wa táàsì, ọ̀kan lọ ń ta aṣọ, ẹ̀kẹta ò tilẹ̀ dágbére. Nígbà tí ìkẹrin dé, ọmọbìnrin kan láti ìlú Ara, ọ̀gá ilé-ìwé mú un wá bá mi. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ kọ́ ọ bí ọmọ yín. Tí eléyìí bá tún lọ, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ò ní olùkọ́ mọ́. Tiyín la máa dà wọ́n mọ́." Ẹ̀rù bà mí. Àádọ́ta ọmọ ti wà lọ́rùn mi tẹ́lẹ̀.

Mo fi gbogbo ara kọ́ ọ. A jọ ń kọ nóòtì ìkọ́ni lẹ́yìn ìwé. Tí mo bá ti fún àwọn ọmọ tèmi níṣẹ́ ṣe, mo máa ń lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa, bí ẹni pé báírò náà ni oyè tí wọ́n fi mí jẹ. Àṣìṣe rẹ̀ nìkan ni mò ń kọ sílẹ̀. Èyí tó ṣe dáadáa, mo gbà pé kò yẹ kéèyàn sọ ọ́ kí orí rẹ̀ má baà wú.

Lọ́jọ́ tí àwọn alábẹ̀wò ìjọba dé, tíṣà náà ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìṣirò, ó sì ṣi nọ́ńbà kan kọ. Mo rò pé wọ́n á lé e. Mo dìde, mo gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú àwọn ọmọ, mo nu iṣẹ́ rẹ̀ kúrò, mo tún un kọ. Àwọn àlejò yìn mí, inú mi dùn, ẹ wo òmùgọ̀! Òun kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, mà."

Láti ọjọ́ náà, tó bá ti kọ nǹkan sójú pátákó, àwọn ọmọ a ní, "Àńtí, ṣé ká lọ pe Màmá wá wò ó?" Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí kò wá mọ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Ara, mo bá a níbi tó ti ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mo bẹ̀ ẹ́ títí mo fi sunkún.

"Màmá, mi ò bá yín jà," ó ní. "Àmọ́ ta ni n ó máa kọ́? Wọn ò gbà mí gbọ́ mọ́."

Wọ́n da àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ tèmi lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ wọn jáde láìlè kàwé. Wọ́n ṣì ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ nígboro. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé kí n tó dìde lọ́jọ́ náà, ọmọ kan ti rí àṣìṣe yẹn, ó ti nawọ́ sókè. Tíṣà rẹ̀ ti yíjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó yá, wá tún un ṣe." Mo rí wọn, mo gbọ́ ọ. Mo sì dìde.