Ọjọ́ Tí Wọ́n Fẹ́ Gba Abẹ Lọ́wọ́ Kì-í-gbọ̀n

Ọwọ́-kì-í-gbọ̀n ni gbogbo wa ń pe ìyá kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, èmi sì gé e kúrú sí Kì-í-gbọ̀n. Òun ló ń gé aṣọ nílé iṣẹ́ tí a ti ń rán yúnífọ́ọ̀mù. Wọ́n á to aṣọ léra lórí tábìlì gígùn títí á fi nípọn bíi tìmùtìmù, òun á wá fi ẹ̀rọ oníná tó ní abẹ gé e tẹ̀ lé ìlà ṣọ́ọ̀kì. Bí abẹ yẹn bá fi díẹ̀ yà, odindi òkìtì aṣọ ti bàjẹ́ nìyẹn. Tirẹ̀ kì í yà. Èmi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbé ètò ìlera òṣìṣẹ́ dé, mo bú wọn. Láàárọ̀, kí a tó tan ẹ̀rọ, wọ́n á ní kí a tò síta, kí a na apá, kí a bẹ̀rẹ̀, kí a dìde. Ọ̀gá wa náà á máa bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ délẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ la wá ṣe ni àbí ijó?" Wọ́n kó ẹlẹ́rìndòdò kúrò nínú fìríìjì, omi lásán ni wọ́n kó sí i. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Àmọ́ ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nọ́ọ̀sì kan, ọmọbìnrin onísùúrù báyìí, máa ń wá wọ̀n ọ́n fún wa lọ́jọ́ Ajé. Kì-í-gbọ̀n na apá, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ń kùn, ó fún un lápá, ojú nọ́ọ̀sì yí padà. Ó ga. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún ga. Kì-í-gbọ̀n dín iyọ̀ kù, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, síbẹ̀ kò yàtọ̀. Òfin wọn sì ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan abẹ, kí òòyì má lọ kọ́ ọ nídìí ẹ̀. Tó bá tún ga lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, aṣọ kíká ló kù fún un.

Mo ní, "Ẹ̀rọ wọn ló ń purọ́! Wọn ò rí nǹkan míì ṣe ni?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ìdí tábìlì gígé aṣọ ni màámi ṣubú sí. Apá kan ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ títí wọ́n fi kú. Kò sẹ́ni tó wọn tiwọn rí. Ọmọ mi obìnrin ti ní tó bá tún ga, òun ń bọ̀ wá kó mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pátápátá."

Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé pé, nọ́ọ̀sì tètè dé, ó bá Kì-í-gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́.

"Ẹ parí ẹ, mà, mo máa dúró."

Abẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Gbogbo wa ń wo aṣọ, àmọ́ nọ́ọ̀sì ń wo àyà Kì-í-gbọ̀n. Nígbà tí Kì-í-gbọ̀n pa ẹ̀rọ, ó tú èémí jáde, fùú.

"Mọ́mì, ẹ ò mí?" nọ́ọ̀sì ló bèèrè.

"Ta ní ń mí tó bá ń gé aṣọ? Tí mo bá mí, ọwọ́ mi á gbọ̀n."

Nọ́ọ̀sì fa àga kan sún mọ́ ọn. Ó fi í jókòó, ó so ẹ̀rọ kékeré náà mọ́ ọn lápá, ó tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kùn báyìí, èjìká Kì-í-gbọ̀n gòkè, ẹnu rẹ̀ sé gbọn-in. Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́.

"Ohun tẹ́ ẹ máa ń ṣe rèé! Ẹ̀rọ bá ti ń kùn, ẹ ti há èémí mọ́ra nìyẹn. Ìyẹn nìkan tó láti gbé e sókè. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ sinmi, ẹ máa mí jẹ́jẹ́. Ẹ̀yin mọ́mì tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ ná."

Èmi ló ń bá wí! Mo dákẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tún kùn. Mo rí i tí èjìká ọ̀rẹ́ mi tún fẹ́ gòkè, mo rọra gbé ọwọ́ lé e. Ó mí. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó tún un wọ̀n.

"Ó dáa, mà. Ó dáa gan-an ni. A ṣì máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ o, àmọ́ ẹ padà sídìí tábìlì yín."

Háà! Mo figbe ta débi pé ọ̀gá sáré wọlé, ó rò pé abẹ ti gé ẹnì kan ni. Ara tù mí bí ìgbà tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí mi.

Kì-í-gbọ̀n pe ọmọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

"Ó ti lọ sílẹ̀? Mọ́mì, oògùn wo ni wọ́n fún yín?"

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan. Mo kàn mí ni."

Ọmọ yẹn bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ náà bú sẹ́kún. Èmi tí mo ti bú gbogbo wọn, mo ṣa àjákù aṣọ nílẹ̀, mo fi nu ojú mi.