Wolé-wolé Tó Ń Bọ́ Kòkòrò

Nígbà tí Màámi Morẹ́nikẹ́ ń ṣiṣẹ́ wolé-wolé l'Ádó, bó bá ti yọ ní Fájuyì báyìí, àwọn olóúnjẹ á ti sáré bo ìkòkò kí wọ́n tó kí i. Ọ̀tá kòkòrò àìfojúrí ni. Ísáàlì apakòkòrò ni lọ́fínńdà rẹ̀.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ó kọ́ ilé ọ̀rá sẹ́yìnkùlé rẹ̀ lọ́nà Ìjan, ó ń gbin tòmátì sínú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ so wọ̀ǹtì-wọnti. Ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ kan náà ló ń gbìn ín sí ṣáá, àrùn bá fi ibẹ̀ ṣelé. Tòmátì á dúró ṣinṣin láàárọ̀, tó bá dọ̀sán, á rọ jọwọlọ, ó parí nìyẹn. Nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀ léraléra, Ajíbádé, àkọ́bí rẹ̀, ní kó palẹ̀ mọ́, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun n'Ílọrin.

"Jẹ́ kí n gbìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i," ni ìyá wí. "Bí èyí náà bá kú, wá kó mi."

Dùnmínínú, àbúrò Ajíbádé, tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko, fi ìyẹ̀fun kan ránṣẹ́. Ó ní kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú rẹ̀, àwọn tó máa ń ṣọ́ gbòǹgbò kí àrùn má ráyè wọlé. Kí ìyá pò ó mọ́ omi, kó bù ú sídìí tòmátì lọ́jọ́ tó bá ń lọ́ ọ kúrò níbi tó ti hù.

"Èmi? Kí n máa bọ́ kòkòrò? Ayé mà ti dorí kodò o!"

Ó kùn, ó ṣe é. Ó lọ́ ìdajì àwọn ọmọ tòmátì náà, ó bu omi ìyẹ̀fun náà sí wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi ń rọ.

Dùnmínínú bá wá fúnra rẹ̀. Ó gbé garawa ìbomirin, ó fimú sí i, ojú rẹ̀ yí pa dà.

"Màámi, kí ló ń rùn báyìí?"

"Rùn kẹ̀? Ísáàlì tí mo fi fọ̀ ọ́ ni. Ṣé inú garawa ìdọ̀tí ni kí n ti po nǹkan tó o fi ránṣẹ́ ni?"

"Yéè! Ẹ ti pa gbogbo ọdẹ tí mo rán sí yín kí wọ́n tó dé bodè!"

Ẹ̀rín pa ìyá. "Ó dáa náà. Ṣebí ìyẹ̀fun kù, tòmátì náà kù. Ọlọ́run ò tíì ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n ra garawa tuntun, wọ́n fa omi kànga, wọ́n po ìyẹ̀fun tó kù, wọ́n sì lọ́ ìdajì tòmátì tó kù. Kí wọ́n tó bù ú, Màámi dijú.

"Bàbá, Ìwọ lo dá wọn, èmi ni mo ń pa wọ́n. Bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má gbẹ̀san lára mi."

"Àmín. Ẹ ṣáà má bá mi fọ garawa yẹn."

Oòrùn ọ̀sán ràn títí, àwọn tòmátì tuntun ò bẹ̀rù rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n tanná, wọ́n so.

Nígbà tí Ajíbádé, tó ti gbọ́ pé ti àkọ́kọ́ kú, gbé ọkọ̀ dé láti wá kó ìyá rẹ̀, tòmátì ti pọ́n yòò.

"Ẹrù yín dà, Màámi?"

Ó tọ́ka sí apẹ̀rẹ̀ tòmátì tó kún dẹ́múdẹ́mú. "Ẹrù tó ń lọ Ìlọrin nìyẹn. Èmi ń bẹ l'úlé mi."

Ajíbádé fẹ́ wọ ilé ọ̀rá lọ wo àwọn tó kù, ìyá na ọwọ́ dínà fún un.

"Fọ ẹsẹ̀ ẹ ná. Omi lásán ni o! Mo láwọn òṣìṣẹ́ nínú ilẹ̀ níbẹ̀ yẹn, má bá mi dà wọ́n láàmú."