Nọ́ńbà Mẹ́fà Tí Ọ̀ṣunfúnkẹ́ Kà fún Olè

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ọ̀ṣunfúnkẹ́ fi gbálẹ̀ ilé ìwòsàn kan ní Igbó-Ọrà kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀sẹ̀ tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde gan-an ni ọkùnrin kan pè é lórí fóònù. Ó kí i dáadáa, ó pè é ní Màmá, ó ní òṣìṣẹ́ báńkì rẹ̀ lòun, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ó ní kó ka nọ́ńbà tó wà lára káàdì rẹ̀, tiwájú tẹ̀yìn. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ kà á. Nígbà tí nọ́ńbà mẹ́fà wọlé sórí fóònù rẹ̀, ó ka ìyẹn náà fún un. Kí ọ̀sán tó pọ́n, owó ti tán nínú àkáǹtì.

Ó sáré lọ sí báńkì. Akọ̀wé ibẹ̀ sọ fún un pé àwọn kì í béèrè nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú bí i. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún òun tẹ́lẹ̀? Nígbà tó délé, Àyándèjì àbúrò rẹ̀ ní àìlajú ló fà á. Ìyẹn ló dùn ún jù. Olè ń náwó òun níbì kan, òun ni wọ́n wá ń bá wí.

Lóṣù kejì, ó wà nípàdé àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì nígbà tí ẹlòmíràn pè é. Onítọ̀hún ní àwọn ló ń gba owó tí wọ́n bá jí padà. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ tẹ fóònù náà kó máa sọ̀rọ̀ síta.

“Ẹ ní kí n kọ́kọ́ sanwó?”

“Ẹgbẹ̀rún márùn-ún péré ni, Màmá.”

“Mi ò fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ yín rí. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n jà mí lólè? Ẹ̀yin náà lẹ kó o.”

Ọkùnrin náà pa fóònù. Bàbá Ọlálékan, tíṣà ìṣirò tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú níwèé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Èmi san ẹgbẹ̀rún márùn-ún tèmi fún wọn lọ́sẹ̀ tó kọjá,” ó ní, kò gbójú sókè. Kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Inú tún bí Ọ̀ṣunfúnkẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí bàbá náà. Ìtìjú tó pa á lẹ́nu mọ́ ló ń bí i nínú.

“Olè ló yẹ kó tijú,” ó wí. “Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ.”

Ọ̀kadà méjì ló gbé wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá ní kí wọ́n padà wá lọ́la. Ọ̀ṣunfúnkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò lọ. Wọ́n kọ ẹjọ́ àwọn méjèèjì sílẹ̀ kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀. Títí di òní, kọ́bọ̀ kan kò tíì padà.