Ìyá Àgbà ti gba ètò Paris lọ́wọ́ mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi ètò ìrìn-àjò yín han ìyá àgbà kankan ní Ẹ̀jìgbò.

Mo fẹ́ mú àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Paris fún ọjọ́ márùn-ún: Ràmátù, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Súlè, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ ètò náà sínú ìwé.

Láàárọ̀ yìí, mo fi Yorùbá tí èmi tó dàgbà sí ìdálẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kà á sí Ìyá Àgbà wa létí.

"Ilé ta lẹ máa wọ̀?"

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni, Màmá."

"Ọmọ Ẹ̀jìgbò wà ní Paris, ẹ wá fẹ́ sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì? Ta ló lé yín nílé?"

Ìyá Àgbà, tí wọ́n lo ọgbọ̀n ọdún ní Abidjan, gbé fóònù. Wọ́n pe ẹnìkan níbẹ̀, ẹni yẹn pe ẹlòmíràn. Kí tíì mi tó tutù, obìnrin kan ti ń sọ fún mi láti Paris pé yàrá wa ti wà nílẹ̀, ká ṣáà bá òun gbé gàrí Ifẹ̀-Ọ̀dàn dání.

"Màmá, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tá a fẹ́ lọ wò ńkọ́?"

"Ẹ ó máa wò ó tẹ́ ẹ bá ń kọjá."

Mo yíjú sí àwọn ọmọ kí wọ́n gbèjà mi.

Ràmátù ní, "Màmá, ṣé àwọn ọmọdé wà nílé wọn?"

"Mẹ́rin."

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fa ìlà gba orí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Súlè, tí kò tíì mọ̀wé kà, fa ìlà gba orí gbogbo èyí tó kù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti gbé gàrí wọ Paris rí, báwo lẹ ṣe dì í?